Àmì Tí A Kì Í Lò Lẹ́ẹ̀mejì: Kòsọ́kọ́ ní Ẹ̀pẹ́, 1854

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tó ń gbé ní Ẹ̀pẹ́ báyìí, fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù: "Prof, ẹ jọ̀ọ́ sà, káàdì Pokémon táwọn ọmọ wa fi ń ṣeré yìí, kí ni iṣẹ́ àmì kékeré tí wọ́n ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀?" Ọmọ ọmọ mi kan ní Ìkòròdú ti là á yé mi, torí náà mo lè dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí, ìdáhùn mi á gba inú ìtàn kọjá.

Ní 2017 ni káàdì tí wọ́n ń pè ní GX wọ inú eré náà. Agbára kan wà lára rẹ̀ tó ju ti káàdì yòókù lọ. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, oníkálukú á gbé àmì GX kan ṣoṣo sórí tábìlì, ojú rẹ̀ á sì wà lókè. Ní kété tó bá lo agbára yẹn, á yí àmì náà dojú dé, ó parí nìyẹn títí eré á fi tán. Ibi tó ń rú àwọn ọmọ lójú rèé: àmì yẹn kì í ṣe ti káàdì, ti ẹni tó ń ṣeré ni. O lè ní káàdì GX mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀kan náà lo máa lo agbára ọ̀hún. Nígbà tí VSTAR dé ní 2022, òun náà ní àmì tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré náà ni.

Wàhálà ibẹ̀ ni ìgbà tó yẹ kéèyàn lò ó. Ọmọ mìíràn á tọ́jú ẹ̀ de ọjọ́ ìṣòro, títí alátakò á fi pa káàdì tí ì bá fi lò ó. Àmì á ṣì wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ lókè, kò sì wúlò fún nǹkan kan mọ́.

Níbi tọ́rọ̀ dé yìí ni mo ti rántí Kòsọ́kọ́. Ní òpin 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n lé e kúrò lórí oyè, wọ́n dá Akíntóyè padà. Kòsọ́kọ́ sá lọ sílẹ̀ Ìjẹ̀bú, Awùjalẹ̀ sì gbà á láyè kó tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Ní 1853 ó gbógun wá gba Èkó padà, kò bọ́ sí i. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, Akíntóyè kú, Benjamin Campbell tó jẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì gbè sẹ́yìn Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ kó jọba.

Kí ló wá kù lọ́wọ́ Kòsọ́kọ́? Ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí ìtẹ́ ni. Ogun, èèyàn lè padà lọ jà á lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Ṣùgbọ́n "mo yọwọ́ nínú oyè Èkó", ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn ń sọ ọ́. Ẹyin lohùn.

Ní September 28, 1854, ó sọ ọ́. Nínú àdéhùn Ẹ̀pẹ́, òun àti àwọn balógun rẹ̀ ṣèlérí pé àwọn ò ní gbìyànjú láti gba Èkó mọ́, wọ́n sì ní àwọn ti jáwọ́ nínú òwò ẹrú. (Ẹ má rò pé mo ń yìn ín o, òwò yẹn ló fi lówó lọ́wọ́.) Ohun tí wọ́n fún un ni pé Pálmà àti Lẹ́kì di èbúté tirẹ̀, á sì máa gba 2,000 orí owó ẹyọ lọ́dún, tàbí 1,000 dọ́là, èyí tó bá wù ú, títí tó fi máa kú. Orí kan jẹ́ 2,000 ẹyọ, orí mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, torí náà 200 ọ̀kẹ́ ni.

Àwọn kan ń sọ pé ó ta oyè bàbá rẹ̀. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1854, Dòsùnmú ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí oyè ni, Campbell ń wá àlàáfíà fún òwò epo, Kòsọ́kọ́ sì ní ọmọ ogun nítòsí. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ yẹn lówó lórí jù. Ní August 6, 1861, Dòsùnmú fọwọ́ síwèé tó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ṣètò 1,200 ọ̀kẹ́ lọ́dún fún un, ìlọ́po mẹ́fà ti Kòsọ́kọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló fi sílẹ̀. Ká ní Kòsọ́kọ́ ṣì gbé ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, ta ni ì bá rà á lọ́wọ́ ẹ̀? Ìtẹ́ tó ń lé fúnra rẹ̀ kò lágbára mọ́.

Ẹ ó bi mí pé ṣebí ó padà sí Èkó ní 1862. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò padà bí ọba. Ìjòyè ni wọ́n fi í ṣe, ipò yẹn ló sì wà tó fi kú ní 1872. Òṣòdì Tápà, balógun rẹ̀, kó àwọn èèyàn wọn tẹ̀dó sí apá kan Erékùṣù Èkó, ibẹ̀ la sì ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí dòní. Àwọn tí kò bá wọn padà wà ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n ń jẹ́ Èkó Ẹ̀pẹ́, Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.