Ẹ̀fẹ̀ Lóru, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Lọ́sàn-án

Bí ẹ bá wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá kan nílùú London tàbí Paris, ẹ ó rí orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ère igi tí àwọn oníjó Yorùbá ń gbé lérí, nínú àpótí gíláàsì: ojú obìnrin tó tutù, ilà lẹ́rẹ̀kẹ́, gèlè tàbí ẹyẹ lórí rẹ̀. Iṣẹ́ ọnà gidi ni. Àmọ́ ìdajì ni. Igi nìkan ló wọkọ̀ òkun, orin tó ni í kù sílé.

Ẹnu àwọn àgbà kò kò lórí bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní Yemọja ló ń wá ọmọ tí Ifá ní kó rúbọ, kó gbé ère igi lérí, kó so irin mọ́ ẹsẹ̀, kó máa jó. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó bí Ẹ̀fẹ̀, ó sì bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tẹ̀ lé e. Ìtàn ìjà oyè láàárín ọmọ ọba ni ará Kétu ń sọ ní tiwọn. Àwọn ará Ìlóbì náà ní ọ̀dọ̀ àwọn ni orírun wà. Ibi tí gbogbo wọn ti pàdé ni pé nítorí àwọn ìyá wa ni, àwọn tó ni agbára àṣírí ayé, kí inú wọn lè yọ́, kí òjò rọ̀, kí àgàn bímọ, kí àjàkálẹ̀ àrùn kọjá lọ.

Ọkùnrin ló ń gbé orí, òun ló sì ń di ọyàn àti ìdí mọ́ra kó lè rí bí obìnrin. Síbẹ̀, Ìyálàṣẹ ló ni àṣẹ ẹgbẹ́.

Òru ni iṣẹ́ ẹnu. Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀, akọrin òru, á jáde sí gbàgede, á júbà òrìṣà, á júbà àwọn ìyá àti àwọn àgbà, kó tó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ìlú. Olóyè tó jẹ owó ìlú, olè, alágbèrè, ọ̀lẹ, kò sí ẹni tí kò lè fi kọrin. Àwọn èrò á gbè é, ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹni tí orin bá bá wí kò gbọdọ̀ bínú sí akọrin, nítorí àwọn ìyá ló ń dáàbò bò ó. Nílùú tí kò sí ìwé ìròyìn, ibí yìí ni aláṣẹ ti ń gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀.

Bí oòrùn bá là, ó kan ẹsẹ̀ àti igi. Méjì méjì ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sábà máa ń jó, tí irin ẹsẹ̀ wọn ń dá ìlù lóhùn. Ojú àwọn agbẹ́gilére kò sì fọ́ sí ìgbà tiwọn: wọ́n gbẹ́ ejò àti ẹyẹ, wọ́n gbẹ́ alùpùpù àti ọkọ̀ òfuurufú. Duga, gbẹ́nàgbẹ́nà Ìmẹ̀kọ, wà lára àwọn tí orúkọ wọn kò parẹ́, torí William Bascom ará Amẹ́ríkà kọ odidi àpilẹ̀kọ kan nípa rẹ̀, tó jáde ní 1973.

Ilẹ̀ tí àṣà yìí ti gbilẹ̀ rí ìyà. Ní 1886, ogun Dàhòmì fọ́ Kétu, wọ́n kó ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́rú. Ní 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì pín ilẹ̀: Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ àfipáṣe àti kíkó ọ̀dọ́ sógun lábẹ́ Faransé lé ọ̀pọ̀ èèyàn wá sí apá Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, fi orin Ẹ̀fẹ̀ ṣe ẹ̀rí ìtàn agbègbè náà nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde ní 1975. Iṣẹ́ yẹn tọ́ sí ìyìn ju èyí tó ti gbà lọ, torí ó jẹ́ ká mọ̀ pé akọrin òru ń pa ìwé ìrántí mọ́ fún ìlú.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé Bahia ní Brazil pẹ̀lú àwọn ẹrú, orúkọ rẹ̀ kò sì kú níbẹ̀: ní 1988, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní São Paulo dá àjọ kan sílẹ̀, wọ́n pè é ní Geledés.

Àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára iṣẹ́ àrà ọ̀tọ̀ aráyé, ó sì wọ ìwé àjogúnbá aráyé ní 2008, lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Iyì ńlá ni, ṣùgbọ́n ìwé UNESCO kò lè kọrin. Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbà akọrin Ẹ̀fẹ̀ nílé, ẹ mú fóònù yín, ẹ gba ohùn bàbá sílẹ̀, kí ẹ sì bi í léèrè ẹni tí orin kọ̀ọ̀kan bá wí, ìlú tó ti ṣẹlẹ̀ àti ìgbà tó ṣẹlẹ̀.