Ẹni tó Nilẹ̀ àti Ẹni tó Gbin Igi

Ní ayé àwọn baba wa ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, bí àlejò bá fẹ́ dáko, olórí ẹbí tó nilẹ̀ ni yóò tọ̀ lọ. Wọn a fún un nílẹ̀, òun náà a sì máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ kan a máa bá ilẹ̀ náà rìn: kò gbọdọ̀ gbin obì, kò gbọdọ̀ gbin kòkó, ọ̀pẹ tó bá sì bá níbẹ̀, ti onílẹ̀ ni. Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni tirẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ẹ̀gẹ́ kì í pẹ́ nílẹ̀, ṣùgbọ́n igi a máa pẹ́ láyé ju ẹni tó gbìn ín lọ, ọmọ olóko a sì dìde lọ́jọ́ kan pé ti baba òun ni ilẹ̀ tó wà lábẹ́ igi náà. Nítorí náà, kì í ṣe ìjọba ló kọ́kọ́ yan ohun ọ̀gbìn fún àgbẹ̀.

Ìjọba náà kò kúkú gbẹ́yìn. Láti 1959 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti ń dá Farm Settlement sílẹ̀, tí wọ́n wo àwòkọ́ṣe rẹ̀ láti Ísírẹ́lì. Ọ̀kan wà ní Odógunyàn lẹ́bàá Ìkòròdú. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń dáko níbẹ̀ kò nilẹ̀, ọ̀gá oko ló sì ń pàṣẹ ohun tí wọn yóò gbìn.

Ohun tó wá yí padà gan-an ni iye tí à ń dá lé ilẹ̀. Ní 1921, nínú ẹjọ́ Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù gbà pé àwọn ará ìlú ló nilẹ̀, àti pé bí ìjọba bá gbà á, owó ilẹ̀ tọ́ sí wọn. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti March 1978 fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà. Abala 29 sọ pé irè oko, ilé àti àtúnṣe tí a ṣe sórí ilẹ̀ ni a ó san owó gbà-máà-bínú lé lórí. Ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀, àfi owó tí ẹni náà bá san fún ìjọba lọ́dún náà.

Òfin yìí ló wà nílẹ̀ nígbà tí Lekki Free Zone bẹ̀rẹ̀ ní 2006, ní agbègbè tí a ti ń kà mọ́ Ẹ̀pẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó túmọ̀ sí. Àlejò tí onílẹ̀ kò jẹ́ kó gbin obì, ẹ̀gẹ́ rẹ̀ nìkan ni wọn yóò kà. Ti onílẹ̀ tó fi igbó sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá kí ilẹ̀ lè sinmi, gẹ́gẹ́ bí baba rẹ̀ ti kọ́ ọ, tilẹ̀ tún burú jù: kò sí irè kan lórí ilẹ̀ náà tí òṣìṣẹ́ ìjọba lè kà.