Ìwé Kékeré Aláwọ̀ Eérú

Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ọlọ́pàá ojú títì kan dá wa dúró ní ìlú kan létí òkun, ní àárín gbùngbùn Vietnam. Àwa méjì la wà lórí alùpùpù náà, àwa tí a ń kọ ìwé yìí, àti Àbúrò tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ wa, ibikíbi tí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà la ti lè ṣe é, a sì ti ní ká lo oṣù kan níbẹ̀ ká tó padà sí Èkó. Àbúrò ló ń wa máṣíìnì. Kò sáré, kò kọjá iná pupa, akoto wà lórí àwa méjèèjì. Ọlọ́pàá náà kàn nawọ́ ni, ó ní ká mú láísẹ́ǹsì wá.

Àbúrò yọ láísẹ́ǹsì Nàìjíríà rẹ̀ pẹ̀lú ìgboyà. Ọlọ́pàá yẹ̀ ẹ́ wò níwájú, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn, ó dá a padà. Ó sọ̀rọ̀ sínú fóònù rẹ̀, fóònù sì sọ ọ́ di èdè Gẹ̀ẹ́sì fún wa: ìwé ti àgbáyé ńkọ́?

A wo ara wa lójú. Ìgbà tí a dé ilé lálẹ́ ọjọ́ náà la ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ìwé tó ń bèèrè, a sì rí i pé ìtàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ló wà lẹ́yìn ìbéèrè kékeré yẹn.

Nígbà tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, àwọn olówó ilẹ̀ Yúróòpù ló ń fi ṣe fàájì. Ẹni tó bá wa mọ́tò rẹ̀ láti Faransé dé ilẹ̀ mìíràn á bá oníbodè lójú ọ̀nà, oníbodè á sì bi í pé ta ló ní kó máa wakọ̀, àti pé ta ló yẹ ọkọ̀ náà wò. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 1909, àwọn ìjọba bíi mélòó kan fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Paris láti yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé kan ṣoṣo ni àdéhùn náà gbé kalẹ̀, òun ló ń jẹ́rìí ọkọ̀, òun náà ló ń jẹ́rìí awakọ̀. Àmì ojú ọ̀nà tí wọ́n fẹnu kò lé lórí kò ju mẹ́rin lọ, ọ̀kan nínú wọn sì ni ti ibi tí reluwé ti gba ojú títì kọjá. Ẹ fojú inú wò ó, àmì mẹ́rin péré fún gbogbo wàhálà tó wà lójú pópó!

Nígbà tó di ọdún 1926, wọ́n tún pàdé ní Paris, wọ́n wá ya ìwé ọkọ̀ sọ́tọ̀, wọ́n ya ti awakọ̀ sọ́tọ̀. Ibẹ̀ ni ìwé àṣẹ ìwakọ̀ àgbáyé tí a mọ̀ lónìí ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gba iṣẹ́ náà, wọ́n ṣe àdéhùn mìíràn ní Geneva ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1949. Kò pé ogún ọdún tí wọ́n fi tún ṣe òmíràn ní Vienna, ní oṣù kọkànlá ọdún 1968. Ibí yìí gan-an ni ẹsẹ̀ ti kọ.

Ẹni tó bá ti kọ kóòdù rí á mọ irú nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀dà tuntun jáde, wọ́n ní òun ni kó rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ àárín àwọn tó bá ti gba ẹ̀dà tuntun nìkan ló ti lè rọ́pò rẹ̀. Àwọn kan gbà á kíá. Àwọn kan ní àwọn ò lọ síbì kankan. Bẹ́ẹ̀ ni àdéhùn méjì ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀ títí di òní olónìí, ìwé méjèèjì jẹ́ ìwé kékeré aláwọ̀ eérú tí wọ́n jọra bí ìbejì. Èyí tó bá ti ọwọ́ àdéhùn 1949 jáde, ọdún kan péré ló ń lò. Ti 1968 lè lo ọdún mẹ́ta. Ọdún tí wọ́n kọ sára ẹ̀yìn ìwé lo fi máa dá wọn mọ̀, ta ló sì ń ka ẹ̀yìn ìwé?

Àdéhùn 1949 ni Amẹ́ríkà ṣì ń lò. Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ti 1968 lọ́dún tí wọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n oṣù kẹta ọdún 2019 ló tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, aádọ́ta ọdún ó lé. Vietnam wọ àdéhùn 1968 ní ọdún 2014, ìwé 1949 kò sì jẹ́ nǹkan kan lójú wọn. Nítorí náà, ará Amẹ́ríkà tó bá fi owó rẹ̀ gba ìwé àgbáyé nílé, tó gbé e wọ bàálù, tó fi han ọlọ́pàá ní Hanoi, kò yàtọ̀ sí ẹni tí kò mú nǹkan kan wá. Kò purọ́, kò jalè. Ẹ̀dà ìwé rẹ̀ ni kò bá ti wọn mu.

Nàìjíríà ní tirẹ̀ wọ àdéhùn 1968 ní ọdún 2018, ẹ̀yin náà á ti máa rò pé àwa ì bá ti mórí bọ́ ká ní a rántí gba ìwé yẹn. Rárá o. Ìwé àgbáyé kì í fún ènìyàn ní àṣẹ tuntun, ohun tó wà nínú láísẹ́ǹsì ilé ló ń túmọ̀. Láísẹ́ǹsì Àbúrò, kíláàsì B ni, ti mọ́tò. Kíláàsì A ni ti alùpùpù. Mélòó nínú wa ló ní kíláàsì A? Nílé, ojú ọlọ́kadà la fi ń wo ẹni tó bá ní in.

Ní Vietnam, bàbá àgbà ń gun alùpùpù, ọmọ yunifásítì ń gun ún, lọ́yà ń gun ún pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Èyí tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 70, bẹ́ẹ̀ gbogbo ènìyàn ilẹ̀ náà ò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 100 lọ. Àmọ́ kì í ṣe láti ayébáyé. Lẹ́yìn ọdún 1965 ni alùpùpù Honda bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ gúúsù ilẹ̀ náà, nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́. Ó pọ̀ débi pé Honda di orúkọ fún gbogbo alùpùpù, ì báà jẹ́ Suzuki ni. Àwa tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air fi orúkọ ọ̀kadà sílẹ̀ fún, irú èyí kò lè yà wá lẹ́nu. Ọlọ́kadà tiwọn ń jẹ́ xe ôm, ìyẹn ọkọ̀ ìfàmọ́ra, nítorí pé èrò ẹ̀yìn ní láti di awakọ̀ mú. (Orúkọ tiwọn dùn ju tiwa lọ, ká sọ òótọ́.)

Lẹ́yìn tí ogun parí ní 1975, kẹ̀kẹ́ ológeere ló gba ojú pópó, nítorí kò sówó. Ìgbà tí ìjọba tú okùn ọrọ̀ ajé sílẹ̀ ní 1986 ni nǹkan tún yí padà. Ní àwọn ọdún 1990, ẹni tó bá ní Honda Dream ti di gbajúmọ̀ ládùúgbò. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 2000, alùpùpù olówó pọ́ọ́kú láti Ṣáínà kún ọjà, Honda náà gbé Wave Alpha jáde ní 2002 láti fi bá wọn du ọjà. Wave ni àwa náà yá, 110 cc.

Ikú ojú títì wá ń pọ̀ sí i, ìjọba sì ní kí gbogbo ẹni tó bá gun alùpùpù dé akoto, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 2007. Tẹ́lẹ̀, àwọn ènìyàn máa ń fi akoto ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ń pè é ní ìkòkò ìrẹsì. Àfi bí ilẹ̀ ṣe mọ́ lọ́jọ́ náà tí ìkòkò ìrẹsì wà lórí gbogbo wọn. Àwa ńkọ́? Ní oṣù kìíní ọdún 2009, tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó wa gbé irú òfin yìí jáde, àwọn ọlọ́kadà kan so igbá mọ́rí, àwọn mìíràn gbé ike ọ̀dà dé. A rẹ́rìn-ín nígbà náà. Lónìí, tí a bá rántí iye orí tó ti fọ́ látìgbà náà, ẹ̀rín náà kì í fẹ́ jáde mọ́.

Ó dà bíi pé ní ọdún 2008 ni ọ̀rọ̀ àwọn àlejò gbóná. Lópin ọdún náà, ètò tẹlifíṣọ̀n Top Gear ti Gẹ̀ẹ́sì fi àwọn ọkùnrin mẹ́ta hàn tí wọ́n gun alùpùpù láti gúúsù Vietnam lọ sí àríwá, tí wọ́n ń ṣubú, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ òyìnbó ló wò ó tí wọ́n ní àwọn náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń ra alùpùpù lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ń tà á fún ẹlòmíràn ní òpin ìrìn-àjò, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní ìwé kankan. Àròsọ kan wá di òfin láàárín wọn pé ọlọ́pàá kì í dá àlejò dúró nítorí èdè. Àwa náà gbọ́ àròsọ yìí, a sì gbà á gbọ́, àwa tí a máa ń bú ẹlòmíràn pé kò ka ìwé ìlànà.

Ìgbà yẹn ti kọjá. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2020, ẹni tó bá mu ọtí bó ti wù kó kéré mọ, tó sì wakọ̀, yóò sanwó. Ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2025, òfin tuntun tún dé. Ìtanràn alùpùpù tó bá kọjá iná pupa, tí kì í ju mílíọ̀nù 1 owó dong lọ tẹ́lẹ̀, di mílíọ̀nù 4 sí mílíọ̀nù 6. Mílíọ̀nù 4 yẹn tó nǹkan bíi 160 dọ́là, owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan fún ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù níbẹ̀. Ẹni tó bá ta ọlọ́pàá lólobó lè gba tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ìtanràn náà. Ẹ̀rù ba gbogbo ìlú, wọ́n ń dúró síwájú iná pupa bí ẹni dúró níwájú ọba, ojú títì Hanoi àti Ho Chi Minh sì dí pa nínú oṣù àkọ́kọ́.

Ọlọ́pàá ojú títì ibẹ̀, aṣọ aláwọ̀ ìyeyè ni wọ́n ń wọ̀, nítorí náà, tí wọn kò bá sí nítòsí, àwọn ènìyàn a máa pè wọ́n ní bò vàng, màlúù ìyeyè. Àwọn òbí wa náà sọ wọ́dà ojú títì ní yellow fever nígbà kan nítorí aṣọ. Àwọ̀ yẹn kì í gba orúkọ rere níbì kankan.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́bàá títì. Bí Àbúrò ṣe rí i pé ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀, ọmọ Èkó inú rẹ̀ jí. Ó rọra fọwọ́ kan àpò. A di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kì í ṣe pé a jẹ́ ẹni mímọ́. Ohun tó wà lọ́kàn wa ni pé pásípọ́ọ̀tù Àbúrò wà lọ́wọ́ màmá tó yá wa ní máṣíìnì, òun ni a fi ṣe ìdúró. Bàálù wa sì máa gbéra lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ kẹta lẹ́yìn bàálù ni físà máa kú. Tí wọ́n bá tún fi ẹ̀sùn rìbá kún un, níbo la fẹ́ gbà?

Bí òfin tiwọn ti ọdún 2012 ṣe là á kalẹ̀ nígbà náà nìyí: ìtanràn tí kò bá ju 250,000 dong lọ, ọlọ́pàá lè gbà á lójú ẹsẹ̀ láìkọ ìwé ẹ̀sùn. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, dandan ni kó kọ ìwé, kí ẹni náà sì lọ san án síbi tí ìjọba ń gbowó sí. Ti Àbúrò, láti mílíọ̀nù 2 sí mílíọ̀nù 4 ni. Ọlọ́pàá náà kọ ìwé rẹ̀ láìkanra, ojú ìwé méjì, a sì fi fóònù ka gbogbo ìlà kí Àbúrò tó fọwọ́ sí i. Wọ́n gbé alùpùpù lọ fún ọjọ́ méje.

Ọjọ́ méje, bàálù ọjọ́ mẹ́rin!

A fẹsẹ̀ rìn lọ bá màmá náà. Nígbà tó ka ìwé náà, ojú rẹ̀ yí padà. A rò pé nítorí máṣíìnì rẹ̀ ni. Ọmọ rẹ̀ ló ṣàlàyé fún wa: òfin ní ìtanràn fún ẹni tó bá gbé alùpùpù rẹ̀ fún ẹni tí kò ní ìwé, ó sì ju ti ẹni tó gùn ún lọ. Màmá ò bi wá ní láísẹ́ǹsì lọ́jọ́ tí a yá a. Àwa náà ò sọ fún un pé a ò ní. A kúnlẹ̀ bí ẹni pé ilé là ń bẹ̀bẹ̀, ó yà á lẹ́nu, ó ní ká dìde, ká dìde.

Ní ọjọ́ kejì a lọ gba ìwé ìpinnu, mílíọ̀nù 3 ni wọ́n dá fún Àbúrò. A san án ní báǹkì, a gba rìsíìtì. A san owó ọjọ́ méje tí máṣíìnì náà máa wà ní àhámọ́ fún màmá, a tún fi owó mìíràn sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n bá pe òun náà. Ó kó pásípọ́ọ̀tù fún wa, ó sì fi ọsàn sínú báàgì wa. Ọjọ́ kẹwàá, nígbà tí a ti dé Èkó, ọmọ rẹ̀ fi fọ́tò máṣíìnì náà ránṣẹ́, wọ́n ti fọ̀ ọ́, ó ń dán. Ó ní wọn ò tíì pe ìyá òun.

Àbúrò ti lọ béèrè bó ṣe lè fi kíláàsì A kún láísẹ́ǹsì rẹ̀. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn tábìlì wò ó láti òkè délẹ̀, ó wo báàgì kọ̀ǹpútà tó gbé kọ́ ẹ̀yìn, ó ní, "Bọ̀dá, kí ló dé? Ṣé wọ́n lé yín níbi iṣẹ́ ni?"