Ìsopọ̀ iṣẹ́ olówó-oṣù àti iṣẹ́ àdáṣe ní agbègbè Ọ̀jọ́

Ìsopọ̀ iṣẹ́ olówó-oṣù àti iṣẹ́ àdáṣe ni bí owó, ọjà àti òṣìṣẹ́ ṣe ń lọ, tí wọ́n ń bọ̀, láàárín ilé-iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba àti iṣẹ́ tí kò ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ tàbí owó ìfẹ̀yìntì. Àpilẹ̀kọ Keith Hart, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, lórí Accra ní Ghana, tó jáde ní 1973, wà lára ohun tó sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àdáṣe di mímọ̀.

Ní Ọ̀jọ́, Ìba àti Òkòkòmáíkò, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, Ọjà Alaba International ló fi í hàn jù. Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ń gba èbúté wọlé, lábẹ́ ìwé báńkì àti ti kọ́sítọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn èyí, wọ́n bọ́ sọ́wọ́ alábàárù, atúnrédíòṣe àti ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Láàárín àwọn oníṣòwò Igbo, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kì í gbowó oṣù. Ọ̀gá ló ń bọ́ ọ, tí yóò sì fún un lówó ìdásílẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan.

Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, wà ní Ọ̀jọ́ bákan náà. Owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ olóúnjẹ, oníkẹ̀kẹ́ Márúwá àti alájọ.