Ṣé Ó Ń Fọ́mọ Lọ́mú?

Ọjà Ọjúwòyè ní Mushin ni ìyá mi ti ta egbòogi títí ó fi dolóògbé. Lára ọjà rẹ̀ ni egbò asofẹ́yẹjẹ, igi tí èso rẹ̀ máa ń pọ́n tí ẹyẹ fi ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n tí egbò rẹ̀ korò bí nǹkan míì. Àwọn oníṣègùn tó ń wo wèrè ló ń rà á jù. Bí oníbàárà bá ní obìnrin lòún fẹ́ lò ó fún, ìyá mi á gbé ọwọ́ kúrò lórí àtẹ. "Ṣé ó lóyún? Ṣé ó ń fọ́mọ lọ́mú?" Bí ẹni náà bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kì í tà á fún un. Èmi ọmọ rẹ̀ di nọ́ọ̀sì, mo sì di agbẹ̀bí, ó sì tó ọdún mélòó kan lẹ́nu iṣẹ́ kí n tó gbọ́ ìbéèrè yẹn lẹ́nu ẹni tó wọ aṣọ funfun.

Ìyá mi kò ka ìwé, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ nídìí. Ní 1952, ilé iṣẹ́ Ciba ní Switzerland yọ èròjà kan, reserpine, jáde nínú egbò igi Íńdíà kan tó jẹ́ ìbátan asofẹ́yẹjẹ. Èròjà yìí wà nínú tiwa náà. Dókítà Raymond Prince, ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò l'Ábẹ́òkúta, kọ̀wé ní 1960 nípa bí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ wa ṣe ń fi egbò náà wo wèrè. Láàárín ọdún díẹ̀ tí Ciba yọ ọ́ jáde, àwọn dókítà ti fi reserpine tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọpọlọ tó dà rú káàkiri ayé, wọ́n sì ti rí i pé bí aboyún bá ń lò ó, ó ń kan ọmọ: imú ọmọ á dí, oorun á máa kùn ún. Ọmọ ọwọ́ tí imú rẹ̀ dí kò sì lè mọmú dáadáa, nítorí imú ló fi ń mí nígbà tí ẹnu rẹ̀ wà lórí ọmú.

Wèrè tó ń kọlu ìyá lẹ́yìn ìbímọ ti ní orúkọ láàárín wa tipẹ́: abísínwín. Obìnrin kan tàbí méjì nínú 1,000 tó bímọ ló máa ń ṣe, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló sì máa ń bẹ̀rẹ̀ jù. Kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Louis-Victor Marcé, dókítà ará Faransé, kọ odindi ìwé lé e lórí ní 1858.

Ibi tí wọ́n ń kó àwọn tí irú àìsàn yìí ń ṣe lọ l'Ékòó, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Yábàá Left ni àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é, wọ́n sì fi ń bú ara wọn títí dòní, ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ìjọba amúnisìn ṣòfin wèrè ní 1906. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1907, wọ́n ṣílẹ̀kùn ilé wèrè Yábàá, nínú ilé tó jẹ́ ti rélùwéè tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú èèyàn 14. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìtìmọ́lé ló jẹ́. Oògùn òyìnbó tó lè wo orí sàn kò tíì sí níbikíbi láyé.

Ọdún 1952 náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi chlorpromazine wo wèrè ní Paris. Largactil ni orúkọ tí àwa mọ̀ ọ́n sí. Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò, ó ní kí ará ilé tẹ̀ lé aláìsàn wá, kí wọ́n máa gbé láàárín ará abúlé, kí ìbátan máa se oúnjẹ fún un. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn ju gbogbo oògùn lọ, nítorí ìyá ọmọ ni mò ń rò.

Ní 1971, àbúrò ìyá mi bímọ kẹta ní Mushin. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni mí nígbà náà. Ní ọjọ́ kẹfà, kò sùn. Ní òru ọjọ́ keje, ó kó gbogbo aṣọ ilé jáde, ó ń fọ̀ wọ́n, ó ní ọmọ tó wà lórí ẹní kì í ṣe tòun. Ilé ìwòsàn kan ni wọ́n gbé e lọ. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ Largactil, wọ́n ní ọmọ kò gbọdọ̀ fẹnu kan ọmú mọ́, ó parí. Ọmú rẹ̀ kún, ó le bí òkúta. Èmi ni mò ń fi gèlè di àyà rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Wàrà á ti rin gèlè kí n tó ta kókó rẹ̀, Àǹtí á sì máa sunkún, oorun oògùn lójú rẹ̀. Nílé, ìyá mi ń po mílíìkì agolo fún ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìgbẹ́ gbuuru mú un. Ọpẹ́ ni pé kò kú.

Ó tún lóyún ní 1975. Ẹnì kan tó yẹ kó mọ̀ ní kó da gbogbo oògùn nù nítorí ọmọ inú. Mo mọ ibi tí ẹ̀rù náà ti wá. Láti 1961 tí ayé ti rí ohun tí thalidomide fi ojú àwọn ọmọ rí, tí a ń bí wọn láìlápá, láìlẹ́sẹ̀, ni dókítà ti ń sá fún oògùn lára aboyún. Ti lithium, oògùn ọpọlọ, náà tún tẹ̀ lé e: àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ tí ìyá wọn lò ó, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Denmark, mú kí wọ́n gbà pé ó ń ba ọkàn ọmọ jẹ́ gidigidi, ìwádìí tó dé lẹ́yìn fi hàn pé ewu náà wà, àmọ́ pé ó kéré púpọ̀ sí bí wọ́n ṣe sọ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún Àǹtí mi pé ẹni tí abísínwín ti ṣe rí, ó lè tún ṣe é. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ó sá jáde láìwọ bàtà. Agége Motor Road ni wọ́n ti rí i, láàárín mọ́tò.

Inú ń bí mi títí dòní. Wọ́n ń ṣírò ohun tí oògùn lè ṣe fún ọmọ, kò sẹ́ni tó ṣírò ohun tí àìsàn ìyá ń ṣe fún un.

Ohun tí a mọ̀ ti yàtọ̀ báyìí. Sertraline, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, tó ń wọ inú ọmú kéré gan-an. Lithium ń wọ̀ ọ́ púpọ̀, ó gba kí a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò. Epilim, oògùn wárápá tí wọ́n tún fi ń wo ọpọlọ, ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù: nínú ọmọ mẹ́wàá tí ìyá wọn lò ó nínú oyún, nǹkan bí ọ̀kan ló máa ń ní àbùkù ara, òye mẹ́ta sí mẹ́rin sì lè fà sẹ́yìn. Síbẹ̀ mo ṣì ń rí i lọ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin tí ẹnì kan kò bi bóyá wọ́n fẹ́ bímọ.

Ní oṣù kìíní 2023, Ààrẹ Bùhárí fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tó rọ́pò òfin wèrè àtijọ́. Ọdún náà ni ọmọ-ọmọ Àǹtí mi bímọ ní Surulere. Orí rẹ̀ ti dà rú rí nígbà tó wà níléèwé. Dókítà rẹ̀ ti gba Epilim lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó lóyún, ó fi òmíràn rọ́pò, kò sì jẹ́ kó dá a dúró. Mo bá a lọ sí kíníìkì kan. Nọ́ọ̀sì tó jókòó síbẹ̀ kò ju ọmọ-ọmọ mi lọ. Ó gbé bírò sókè, ó ní, "Ẹ̀yin, ṣé ẹ máa fọ́mọ lọ́mú?" Mo ní láti jáde lọ nu ojú mi.

Àìsùn máa ń tanná ran àìsàn yìí, nítorí náà a pín òru. Ìyá ọmọ á fún ọmú sínú ife kó tó lo oògùn alẹ́ rẹ̀, á wọlé lọ sùn; Àǹtí mi, ẹni ọdún 76, á gbé ọmọ dání títí ilẹ̀ á fi mọ́. Òun ló ní kí n ra ṣọ́ọ̀kì wá. Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń fa ilà kan sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún mo yà níbẹ̀. Ilà mẹ́rìnlá ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọmọ ń mọmú lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Àǹtí ti sùn lọ lórí àga, ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.