Kẹ́míkà Tí Ń Fa Jẹjẹrẹ àti Ìwádìí lórí Jẹjẹrẹ Pánkíríásì

Ẹ̀yìn ikùn ni pánkíríásì fara pamọ́ sí, nítòsí eegun ẹ̀yìn. Òun ló ń pèsè oje tí ń da oúnjẹ, òun náà ló ń tú ínsúlíìnì sínú ẹ̀jẹ̀. Nítorí ibi tó wà yìí, jẹjẹrẹ rẹ̀ kì í tètè hàn. Kí dókítà tó rí i, ó sábà máa ń ti ràn dé ibòmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àrùn náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ kò lè dúró de aláìsàn. Ó ní láti wá ẹranko tí yóò máa wò.

Ọ̀rọ̀ pé kẹ́míkà lè fa jẹjẹrẹ ti pẹ́. Ní 1775, Percivall Pott, oníṣẹ́ abẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ ọ́ sílẹ̀ pé jẹjẹrẹ awọ ẹpọ̀n ń mú àwọn tó ń gbá ihò èéfín ilé, nítorí èérí èéfín tó ń lẹ̀ mọ́ wọn lára. Ó tó 140 ọdún kí Katsusaburo Yamagiwa àti Koichi Ichikawa tó fi hàn ní Tokyo pé òótọ́ ni: wọ́n ń kun ọ̀dà èédú sí etí ehoro léraléra fún ọ̀pọ̀ oṣù, títí jẹjẹrẹ fi yọ níbẹ̀. Àwọn kan ti dán irú rẹ̀ wò rí. Sùúrù ni wọn kò ní tó.

Ní 1956, Peter Magee àti John Barnes ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì po dimethylnitrosamine, ọ̀kan lára àwọn kẹ́míkà tí à ń pè ní nitrosamine, mọ́ oúnjẹ eku, jẹjẹrẹ sì mú ẹ̀dọ̀ wọn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń dán oríṣiríṣi nitrosamine wò, tí wọ́n sì rí i pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ibi tó máa ń kọlù: òmíràn ẹ̀dọ̀, òmíràn ọ̀nà ọ̀fun. Iṣẹ́ James àti Elizabeth Miller ní Yunifásítì Wisconsin là wá lójú sí ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe nǹkan kan fúnra rẹ̀. Ara ló ń yí i padà níbi tó ti ń gbìyànjú láti tú u jáde, ohun tó bá sì yọrí sí ni ó ń so mọ́ DNA.

Ẹ̀kọ́ yìí ni olùwádìí Parviz Pour àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lò ní Eppley Institute, ní Omaha, ìpínlẹ̀ Nebraska. Ní 1974, wọ́n ròyìn pé nitrosamine kan tí wọ́n fún hamster, ẹranko kékeré kan tó jọ eku, mú jẹjẹrẹ yọ nínú pánkíríásì rẹ̀. Nígbà tó di 1977, wọ́n ti rí èyí tó le jù ú lọ, tí ìkékúrú orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ BOP. Ohun tó wúni lórí ni pé jẹjẹrẹ náà jọ ti ènìyàn: ó jọ ti ojúhò tínrín tí oje ń gbà kọjá, ó ń wọnú iṣan ìmọ̀lára, ó sì ń ràn. Eku lásán, tí gbogbo yàrá ìwádìí mọ̀ dáadáa, kò wúlò fún èyí. BOP kì í fún un ní irú jẹjẹrẹ bẹ́ẹ̀; kẹ́míkà mìíràn, azaserine, tí Daniel Longnecker fún eku ní 1975, sẹ́ẹ̀lì tí ń pèsè oje ló ń mú, jẹjẹrẹ ènìyàn kì í sì í sábà jọ irú èyí.

Ìjọra náà dé inú jíìnì pàápàá. Ní 1988, àwọn onímọ̀ rí i pé jíìnì KRAS bàjẹ́ nínú ọ̀pọ̀ jùlọ jẹjẹrẹ pánkíríásì ènìyàn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bá irú ìbàjẹ́ kan náà lára hamster tó gba BOP.

Pour kò gbà pé inú ojúhò oje nìkan ni àrùn náà ti ń ṣẹ̀. Ó sọ pé sẹ́ẹ̀lì inú àwọn ìdìpọ̀ kéékèèké pánkíríásì tí ń pèsè ínsúlíìnì, tí wọ́n ń pè ní erékùṣù, lè yí padà di jẹjẹrẹ. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbin irú erékùṣù bẹ́ẹ̀ sínú ẹṣẹ́ itọ́ hamster, wọ́n fún un ní BOP, jẹjẹrẹ tó jọ ti pánkíríásì sì hù níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò tẹ̀lé e dé ibẹ̀. Ìwádìí lára eku tí wọ́n yí jíìnì rẹ̀ padà tọ́ka sí sẹ́ẹ̀lì tí ń pèsè oje dípò.

BOP fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń bá pàdé lójoojúmọ́. Yàrá ìwádìí ni wọ́n ti ń pò ó. Àwọn ìbátan rẹ̀ ló wà nínú tábà. Ní 1988, àwọn onímọ̀ ròyìn pé NNK, nitrosamine kan tó ń wá láti ara tábà, mú jẹjẹrẹ yọ nínú pánkíríásì eku tó ń mu ún nínú omi. Ẹni tó ń mu sìgá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìlọ́po méjì ewu àrùn náà ju ẹni tí kò mu ún rí.