Àkọsílẹ̀ àti Ọmọlúàbí: Ẹjọ́ Henry Flipper àti Ìbéèrè Àwọn Ológun Amẹ́ríkà fún Àtúnṣe Ìwé Ìfiṣẹ́sílẹ̀



Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Bí ó ti rí fún ọ̀rọ̀ ẹnu nìyẹn. Ọ̀rọ̀ inú ìwé ìjọba ní tirẹ̀ kì í tètè fọ́. Ńṣe ni ó máa ń dúró sí ibi tí a tọ́jú rẹ̀ sí, tí yóò sì máa jẹ́rìí gbe ènìyàn tàbí kí ó máa jẹ́rìí takò ó, kódà lẹ́yìn tí ẹni tí ó kọ ọ́ àti ẹni tí a kọ ọ́ nípa rẹ̀ bá ti re àjùlé ọ̀run.

Ìwé kan ní pàtó ni ọ̀rọ̀ wa òní dá lé. Ní ọjọ́ tí ológun bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni ìjọba máa ń fún un ní ìwé tí ó ń sọ ọjọ́ tí ó wọṣẹ́, ọjọ́ tí ó kúrò, àti irú ìkúrò tí ó kúrò. Èyí ni a óò máa pè ní ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀. Àwọn bàbá wa tí wọ́n ti ogun Bóòmà bọ̀ mọ iyì irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí ìtàn wa ti ṣẹlẹ̀, ìwé náà a máa sọ bóyá pẹ̀lú ọlá ni ológun fi kúrò tàbí pẹ̀lú ìtìjú. Agbanisíṣẹ́ a máa bèèrè rẹ̀. Òun náà ni wọ́n máa ń wò kí wọ́n tó fún ènìyàn ní owó ìrànlọ́wọ́, tàbí ìtọ́jú ní ilé-ìwòsàn àwọn tí ó ti jagun rí, tàbí àyè ní itẹ́ òkú àwọn ológun.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni èyí: bí ohun tí a kọ sínú ìwé náà kò bá tọ́, ọ̀dọ̀ ta ni ológun yóò gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ? Bí ó bá sì débẹ̀, ṣé àánú ni yóò tọrọ ni, tàbí ẹ̀tọ́ ni yóò bèèrè? Èrò tèmi ni pé àtúnṣe àkọsílẹ̀ àti ìdáríjì kì í ṣe ohun kan náà, àti pé ìjọba tí ó bá fi ìdáríjì dípò àtúnṣe kò tíì san gbèsè rẹ̀ tán. Ẹjọ́ Henry Ossian Flipper ni n óò fi ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn.

Ọmọ Ẹrú tí Ó Di Ọ̀gágun

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta ọdún 1856 ni wọ́n bí Flipper sí oko ẹrú, ní ìlú Thomasville ní ìpínlẹ̀ Georgia. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí ní ọdún 1865, tí àwọn ẹrú sì gba òmìnira. Ní ọdún 1873 ó wọ West Point, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀gágun Amẹ́ríkà. Àwọn aláwọ̀ dúdú mìíràn ti wọ ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó parí ẹ̀kọ́ nínú wọn. Òun ni ó kọ́kọ́ parí rẹ̀, ní ọdún 1877. Ó kọ ìwé nípa ohun tí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀, ìwé náà sì jáde ní ọdún 1878.

Wọ́n fi í sí Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Ẹlẹ́ṣin Kẹwàá. Aláwọ̀ dúdú ni àwọn ọmọ ogun ẹgbẹ́ náà. Aláwọ̀ funfun ni àwọn ọ̀gá wọn kí Flipper tó dé. Ní ibùdó Fort Sill, omi tí ó dúró sójú kan ń fa ibà, ó sì ń yọ àwọn ọmọ ogun lẹ́nu. Flipper ni ó wọn ilẹ̀ náà, tí ó sì la kòtò tí ó fa omi ọ̀hún gbẹ. Kòtò yìí ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é.

Ẹjọ́ Fort Davis

Ní ọdún 1880 ó dé Fort Davis, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Texas. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi ìtọ́jú oúnjẹ ibùdó àti owó oúnjẹ sí ìkáwọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1881, Kọ́nẹ́ẹ̀lì William Shafter di olórí ibùdó náà. Inú àpótí kan nínú yàrá rẹ̀ ni Flipper ń kó owó ìjọba sí. Nígbà tí ó yá, ó rí i pé owó náà dín.

Ohun tí ó yẹ kí ó ṣe ni kí ó fi ọ̀rọ̀ náà tó ọ̀gá rẹ̀ létí. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bò ó mọ́lẹ̀, ó ní òun ti fi owó ránṣẹ́ sí San Antonio nígbà tí kò tíì fi í ránṣẹ́, ó sì kọ sọ̀wédowó 1,440 dọ́là àti sẹ́ǹtì 43 lé báńkì tí kò ní owó sí. Ó yẹ kí a sọ èyí gbangba, nítorí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Flipper purọ́ fún ọ̀gá rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó jiyàn èyí.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1881 ni àṣírí tú. Wọ́n tì í mọ́ yàrá kótópó kan ní àtìmọ́lé ibùdó, ohun tí wọn kì í sábà ṣe fún ọ̀gágun. Àwọn ará ìlú tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dáwó jọ, wọ́n sì san owó tí ó dín náà pé kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀sùn méjì ni wọ́n fi kàn án ní ilé-ẹjọ́ ológun. Èkíní ni pé ó kó 3,791 dọ́là àti sẹ́ǹtì 77 jẹ. Èkejì ni pé ó hu ìwà tí kò yẹ ọ̀gágun àti ọmọlúàbí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1881, ilé-ẹjọ́ ní kò jẹ̀bi ìkówójẹ, ṣùgbọ́n ó jẹ̀bi ti ìwà. Wọ́n ní kí wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. David Swaim, olórí àwọn amòfin ológun nígbà náà, gba ìjọba nímọ̀ràn pé kí wọ́n dín ìyà náà kù. Ààrẹ Chester Arthur kò dín in kù. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1882 ni Flipper bọ́ aṣọ ológun.

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ìdájọ́ yìí. Ilé-ẹjọ́ fúnra rẹ̀ ti sọ pé ọkùnrin náà kì í ṣe olè. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ka àkọsílẹ̀ rẹ̀, ohun tí yóò rí ni pé wọ́n lé e, àti pé kì í ṣe ọmọlúàbí. Àwa Yorùbá mọ ohun tí ó túmọ̀ sí kí a sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ènìyàn. Owó tí ó sọnù ní Fort Davis ṣeé dá padà láàárín ọjọ́ mélòó kan. Orúkọ ọmọlúàbí kò ṣeé dá padà bẹ́ẹ̀.

Ẹnu Ọ̀nà Ilé Aṣòfin

Flipper di ẹnjiníà àti awọnlẹ̀ ní Mexico àti ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Ó gbọ́ èdè Spéìn dáadáa débi pé láti ọdún 1893 títí dé 1901, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ òfin gbà á síṣẹ́ láti máa yẹ àwọn ìwé ilẹ̀ àtijọ́ wò. Ìjọba tí ó ní kò yẹ ní ọ̀gágun ni ó tún gbẹ́kẹ̀ lé e láti mọ ìwé òtítọ́ yàtọ̀ sí ayédèrú. Ní ọdún 1921, ó di olùrànlọ́wọ́ Albert Fall, tí í ṣe Mínísítà fún Ọ̀rọ̀ Abẹ́lé.

Kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Ní ọdún 1898 ni àbá òfin àkọ́kọ́ tí ó ní kí wọ́n dá a padà sí ipò rẹ̀ dé Ilé Aṣòfin Àgbà. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó ṣí sílẹ̀ fún irú rẹ̀ nìyẹn: kí aṣòfin kan gbé àbá kalẹ̀ nítorí ẹnìkan péré, kí ilé méjèèjì sì fọwọ́ sí i. Ẹni tí ó bá mọ aṣòfin ni ó lè dé ẹnu ọ̀nà yẹn. Flipper tún gbìyànjú léraléra. Kò sí èyí tí ó yọrí.

Ní ọdún 1940 ó kú ní Atlanta, ní ilé àbúrò rẹ̀, Bíṣọ́ọ̀bù Joseph Flipper. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù náà ń kọ ọ̀rọ̀ kún ìwé ẹ̀rí ikú, tí ó dé ibi tí wọ́n ti bèèrè iṣẹ́ tí òkú ń ṣe, ó kọ ọ́ pé ọ̀gágun tí ó ti fẹ̀yìn tì ni. Àtúnṣe àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹbí ni ó ṣe é, kì í ṣe ìjọba.

Flipper nìkan kọ́ ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1906, ìbọn dún lóru ní ìlú Brownsville ní Texas, ẹnìkan sì kú. Láìsí ìgbẹ́jọ́ kankan, Ààrẹ Theodore Roosevelt lé ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú 167 láìsí ọlá. Ọdún 1972 ni ilé-iṣẹ́ ológun tó sọ ìwé gbogbo wọn di ti ọlá. Dorsie Willis, tí ó ṣì wà láàyè nínú wọn, ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún kí ó tó gba 25,000 dọ́là láti ọwọ́ ìjọba.

Láti ọdún 1916 títí di 1947, ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ kan tún wà tí wọ́n ń tẹ̀ sórí tákàdá búlúù. Ìwé náà kò sọ pé ọlá, kò sì sọ pé ìtìjú, ṣùgbọ́n agbanisíṣẹ́ tí ó bá rí àwọ̀ rẹ̀ ti mọ ohun tí yóò rò. Láàárín oṣù Kejìlá ọdún 1941 àti oṣù Kẹfà ọdún 1945, ilé-iṣẹ́ ológun fún ènìyàn 48,603 ní ìwé yìí. Aláwọ̀ dúdú ni 10,806 nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni aláwọ̀ dúdú kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo ọmọ ogun.

Òfin Ọdún 1946

Ní ọdún 1946, Ilé Aṣòfin Àgbà ṣe òfin tí ó ti ọ̀nà àbá ẹlẹ́nìkan yẹn pa, tí ó sì ṣí òmíràn. Òfin náà fún àwọn olórí ilé-iṣẹ́ ológun láṣẹ láti fi ìgbìmọ̀ àwọn tí kì í ṣe ológun ṣe àtúnṣe àkọsílẹ̀, láti tún àṣìṣe ṣe tàbí láti mú àìṣòdodo kúrò. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ méjì ni òfin lò. Àṣìṣe ni bí wọ́n bá kọ ọjọ́ tàbí orúkọ tí kì í ṣe òtítọ́. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ lè bá ohun tí ó ṣẹlẹ̀ mu láìkù síbì kan, kí ó sì jẹ́ àìṣòdodo síbẹ̀. Òótọ́ ni pé wọ́n lé Flipper. Ohun tí ó wà nínú ẹjọ́ ni bóyá ó tọ́ kí wọ́n lé e.

Ọdún mẹ́ta ni òfin fún ológun láti ọjọ́ tí ó bá rí àṣìṣe náà, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ lè mójú kúrò nínú ìdádúró bí òdodo bá bèèrè fún un. Àwọn ajogún náà lè bèèrè nítorí òkú. Ẹrù ẹ̀rí, orí ẹni tí ó ń bèèrè ni ó wà, ẹrù yìí sì wúwo. Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 1973, iná jó ilé ìkówèésí àwọn ológun ní St. Louis. Nǹkan bí fáìlì mílíọ̀nù 16 sí 18 ni ó ṣòfò. Nínú fáìlì àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ tí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọdún 1912 àti 1960, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ni ó jóná. Láti ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ ìbéèrè àwọn tí ó ti jagun rí kì í dá lórí ohun tí wọ́n kọ ní àkọtì. Ohun tí iná jó ni wọ́n ń wá.

Ọdún 1976 àti Ọdún 1999

Àkọsílẹ̀ ìgbẹ́jọ́ Flipper kò sí lára ohun tí ó jóná. Ní ọdún 1976, olùkọ́ ilé-ìwé kan ní Georgia àti àwọn ìbátan Flipper gbé ìbéèrè lọ síwájú ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ ní àwọn kò ní agbára láti yí ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ ológun padà, ṣùgbọ́n ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ ti le jù. Wọ́n kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ tuntun fún un, ìwé ọlá, tí ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1882 gan-an. Ní ọdún 1978, wọ́n gbé òkú rẹ̀ láti Atlanta lọ sí Thomasville, wọ́n sì sin ín bí wọ́n ti ń sin ológun. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 1999, Ààrẹ Bill Clinton dárí jì í.

Àwọn kan a máa sọ pé ọjọ́ ìdáríjì yìí ni ẹjọ́ parí. N kò rò bẹ́ẹ̀. Ìdáríjì a máa mú ìyà kúrò. Kì í pa ìdájọ́ rẹ́. Ẹni tí a dárí jì, ẹ̀bi ṣì wà lórúkọ rẹ̀, a kàn ní a kò kà á sí i lọ́rùn mọ́. Ohun tí Flipper fi ọ̀pọ̀ ọdún bèèrè kì í ṣe èyí. Ipò rẹ̀ ni ó ní kí wọ́n dá padà. Ìwé ọdún 1976 ni ó sún mọ́ ìbéèrè rẹ̀ jù, nítorí òun ni ó sọ pé ìjọba ni ó ṣe àṣejù, tí ó sì padà sí ọjọ́ náà gan-an láti tún un kọ. N kò fi èyí sọ pé ìdáríjì Ààrẹ kò wúlò. Ó jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ ohun tí ìgbìmọ̀ ti sọ nínú yàrá. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ kò lè kan ìdájọ́, Ààrẹ kò sì pa á rẹ́. Ẹ̀bi ọdún 1881 ṣì wà níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Ìgúnlẹ̀

A máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ọdún 94 ni ó gbà nínú ẹjọ́ yìí, òtítọ́ kò sì dá rìn. Ẹnìkan ti tọ́jú àkọsílẹ̀ ìgbẹ́jọ́. Òfin kan ti ṣí ilẹ̀kùn tí kò sí nígbà ayé Flipper. Olùkọ́ kan sì wà tí ó kan ilẹ̀kùn náà fún ẹni tí kò lè dá a kàn mọ́. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú wọn, ọ̀rọ̀ ọdún 1882 ni à bá ṣì máa kà títí di òní.

Nítorí náà ni mo fi ń bẹ̀ yín, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ ìtàn, kí ẹ má ṣe ka títọ́jú fáìlì sí iṣẹ́ akọ̀wé lásán. Nínú fáìlì tí eruku bò ni ẹ̀rí orúkọ rere ẹlòmíràn wà, kò sì sí ẹni tí ó mọ ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ yóò wá bèèrè rẹ̀.